Ìbọn Kékeré Inú Àpò

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ọmọ àbúrò mi kan tí ó ń gbé ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kọ lẹ́tà sí mi. Ọmọ yìí kì í ṣe oníjàgídíjàgan. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kẹrin àti ìkarùn-ún, n kò sì rántí ọjọ́ kan tí a mú un wá sí iwájú mi nítorí ìjà. Òun àti aya rẹ̀ ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ta gàrí, èlùbọ́, epo pupa, ẹja gbígbẹ àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ilẹ̀ wa tí ó wà ní òkè òkun. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn. Ó sọ fún mi pé àwọn olè dá ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ múlé ti tiwọn dúró ní ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí, wọ́n gba owó ọjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi ìdí ìbọn fọ́ ọ lórí. Lẹ́yìn èyí ni ó wá béèrè ohun tí ó mú un kọ̀wé. Ó ní: "Bàbá, mo fẹ́ ra ìbọn ìléwọ́ kékeré kan tí n óò máa fi sí àpò lójoojúmọ́, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé ó wà lára mi. Oríṣiríṣi ni ó wà lórí àtẹ. Èwo ni ẹ rò pé ó yẹ kí n mú?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kí ni arúgbó olùkọ́ mọ̀ nípa ìbọn ìléwọ́? Ìbọn kan ṣoṣo tí ọwọ́ mi kàn rí ni ṣakabùlà baba mi, èyí tí a máa ń yìn sí ojú ọ̀run nígbà ìsìnkú àgbà ọdẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu mi. Nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n kọ́ wa pé ìbéèrè mìíràn a máa fara pamọ́ sínú ìbéèrè tí ọmọdé bi wá, gẹ́gẹ́ bí òkúta ti í fara pamọ́ sínú ẹ̀wà. Ọmọ yìí bi mí pé èwo ni kí òun mú. Ó ti gbé èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ mì láìjẹ lẹ́nu, èyíinì ni pé ṣé ó tilẹ̀ yẹ kí òun mú ọ̀kankan.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ó lè dà bí ọ̀rọ̀ ọ̀nà jíjìn létí yín. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà níhìn-ín, Òfin Ohun Ìjà ti ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní lọ́wọ́ àfi bí Ààrẹ orílẹ̀-èdè bá fún un ní ìwé àṣẹ. Ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1791 ni ẹ̀tọ́ àti ní ohun ìjà ti wà nínú ìwé òfin ńlá wọn. Ní oṣù kẹfà ọdún 2008, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀ dá a lẹ́jọ́ pé ọmọ ìlú ní ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn nínú ilé rẹ̀ láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ó tún dá a pé ẹ̀tọ́ náà bá a jáde sí ìgboro. Ní Texas, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tí ó ti pé ọmọ ọdún 21, tí òfin kò sì ká ọwọ́ rẹ̀ kò nítorí ọ̀ràn kan, lè fi ìbọn ìléwọ́ sí ara kiri láìgba ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ohun tí ọmọ àbúrò mi ń béèrè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ sí òfin ibi tí ó wà. Ohun tí ó mú un wúwo lójú mi gan-an nìyẹn. Níbi tí òfin bá ti sọ pé má ṣe é, òfin ti bá wa ronú dé ìdajì ọ̀nà. Níbi tí òfin bá ti yọ̀ǹda, ìwà ẹni nìkan ni ó kù tí yóò dá ẹjọ́.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo kẹ́gàn ẹ̀rù tí ó ń ba ọmọ náà. Àwọn baba wa ni wọ́n sọ pé ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ẹni tí ó bá rí i pé wọ́n fọ́ orí aládùúgbò rẹ̀ lánàá, tí kò sì ṣe nǹkan kan nípa rẹ̀ lónìí, òmùgọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sí lára àwọn tí ń wàásù pé kí ẹni tí apànìyàn dojú kọ ká ọwọ́ gbera. Ẹ̀mí ẹni jẹ́ ohun tí a fi fún ni láti tọ́jú. Ẹni tí ó ní aya àti ọmọ, ẹ̀mí rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Bí olè bá yọ sí obìnrin kan tí ó dá nìkan wà lóru, ta ni yóò dá a lẹ́bi pé ó fi ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gba ara rẹ̀ là? Èmi kọ́.

Mo ní kí ọmọ náà ṣe àlàyé àwọn ìbọn wọ̀nyí fún mi, kí n má baà sọ̀rọ̀ lórí ohun tí n kò mọ̀. Àlàyé rẹ̀ kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan. Ní ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Ruger gbé ìbọn kan jáde tí wọ́n ń pè ní LCP, tí kò tó gíráàmù 300 nígbà tí ọta kò bá sí nínú rẹ̀. Èèyàn lè fi í sí àpò ṣòkòtò bí ẹni fi ọsàn sí i. Ọta 6 ni ó ń gbà nínú ìdí rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń bá a figagbága, tí oníkálukú ń wá èyí tí yóò kéré sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà sọ fún un ní gbangba pé bí ìbọn bá ti ń kéré sí i ni ó ń ṣòro yìn sí i. Ẹnu rẹ̀ kúrú, ibi tí a ń fi ojú wò lórí rẹ̀ kò ju hóró àgbàdo lọ, ọwọ́ kò rí ibi dì mú dáadáa. Nígbà tí ó bá sì dún, nítorí pé kò wúwo, gbogbo agbára ọta náà ni yóò ta padà sí ọwọ́ ẹni tí ó yìn ín. Nítorí pé ó ń dun ọwọ́, ẹni tí ó rà á kì í fẹ́ fi dánra wò. Ìbọn tí ó yẹ kí a fi dánra wò jù lọ wá di èyí tí a kì í sábà fi dánra wò rárá. Ẹ rò ó wò ná. Ẹni tí ó rà á rò pé òun ra ààbò, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀rùn ni ó rà. Ohun tí kì í ni í lára ní gbogbo ọjọ́ tí a kò nílò rẹ̀ ni ó mú lọ sílé. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí a bá nílò rẹ̀ ni yóò mọ iye tí ó san.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò lórí pé ó kéré, kí a wá sórí pé ó fara sin, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn mi ti dúró pẹ́ jù.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ọdẹ bá ń kọjá lọ ní ìgboro, èjìká rẹ̀ ni ìbọn rẹ̀ máa ń wà. Gbogbo ènìyàn ni ó rí i. Àwọn ìyá a pe ọmọ wọn sẹ́yìn, àwọn ọkùnrin a kí i, ọdẹ náà pàápàá a sì mọ̀ pé ojú wà lára òun. Ó ní ohun tí kò lè ṣe, nítorí pé gbogbo ìlú mọ ohun tí ó mú dání. Wọ́n a máa sọ pé, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọjú rẹ̀ kọ òun?" Ìbọn tí a rí, a lè yà fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ìbọn sínú àpò jókòó tì wá nínú ọkọ̀, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ọjà, ó mọ ohun kan nípa wa tí àwa kò mọ̀ nípa rẹ̀: ó mọ̀ pé òun lè pa wá. Òtítọ́ ni pé ó lè má rò ó láéláé. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ kò dọ́gba mọ́.

Ìtàn Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ fi ohun tí ìfarapamọ́ yìí lè bí hàn. Ní ìlú Philadelphia, alágbẹ̀dẹ ìbọn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Henry Deringer, tí a bí ní ọdún 1786. Ìbọn kéékèèké tí ó ń rọ gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ayédèrú rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì di orúkọ gbogbo ìbọn inú àpò, àní pẹ̀lú lẹ́tà kan tí kò sí nínú orúkọ baba rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1865, òṣèré kan tí ń jẹ́ John Wilkes Booth mú ọ̀kan nínú ìbọn Deringer wọ ilé eré tí Ààrẹ Abraham Lincoln jókòó sí ní Washington. Ìbọn náà kò gùn tó íǹṣì 6, ọta kan ṣoṣo ni ó sì ń gbà. Ọta kan náà tó. Lincoln kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Deringer arúgbó ṣì wà láyé nígbà náà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni òun náà tó kú.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ọdún 1901, ní ìlú Buffalo, Ààrẹ William McKinley dúró ń bọ àwọn ènìyàn lọ́wọ́ níbi àfihàn ńlá kan. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Leon Czolgosz tò sórí ìlà, ó fi áńkáṣíìfù wé ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó fi ara pa. Ìbọn kékeré ni ó wà lábẹ́ áńkáṣíìfù náà. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀mejì sí ẹni tí ó fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, Ààrẹ náà sì kú ní ọjọ́ 14 oṣù náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ogun wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọkùnrin adúláwọ̀ kan tí kò mú ohun ìjà lọ́wọ́, James Parker, tí ó tò tẹ̀ lé apànìyàn náà lórí ìlà, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fò mọ́ ọn tí wọ́n sì gbá a lulẹ̀. Mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé mọ orúkọ yìí mọ́ orúkọ àwọn ààrẹ.

Ẹnìkan yóò dìde nínú yín láti sọ pé: "Olùkọ́, apànìyàn ni wọ́n. Ọ̀bẹ náà ń pani, a kò sì tìtorí rẹ̀ kó ọ̀bẹ kúrò ní ilé ìdáná." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ọmọ àbúrò mi kì í ṣe Booth. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ìfarapamọ́ náà ń dáàbò bo gbogbo ènìyàn, nítorí pé olè tí kò mọ ẹni tí ìbọn wà lára rẹ̀ yóò bẹ̀rù ẹni gbogbo. Mo gbé èyí yẹ̀ wò fún ọjọ́ púpọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún olè tí ó ní sùúrù àti rò. Ṣùgbọ́n olè tí ó bẹ̀rù ẹni gbogbo, ṣé yóò wá pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo? Yóò kúkú ti yọ tirẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀, ìka rẹ̀ yóò sì ti wà lórí apátí.

N kò fẹ́ fa ọ̀rọ̀ olè gùn. Ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ jẹ mí lógún ni ẹni rere tí ó gbé ìbọn sí àpò. Òwe wa kan sọ pé bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Ìkìlọ̀ ni a máa ń fi í ṣe fún aláìlágbára kí ó má baà wá ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ yí i padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: nígbà tí ọwọ́ bá ti tẹ èèkù, ìbéèrè tí ó ti sùn láti ọjọ́ pípẹ́ yóò jí. Èébú tí èèyàn ì bá fi ẹ̀rín gbà, yóò dúró wò ó. Òpópónà tí ì bá yẹra fún lálẹ́, yóò gba ibẹ̀ kọjá. Gbogbo ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ yóò ní láti jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí ọ̀tá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹnìkan wà tí ó gba ọ̀nà yìí kọjá tí ó sì padà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1956, wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé Martin Luther King ní ìlú Montgomery, nítorí pé ó jẹ́ aṣáájú àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n kọ̀ láti wọ bọ́ọ̀sì tí ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmọ ọdún 27 ni. Aya rẹ̀ àti ọmọ wọn jòjòló wà nínú ilé; Ọlọ́run yọ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn péjọ síwájú ilé náà pẹ̀lú ìbínú, ohun ìjà sì wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn nínú wọn. King jáde sí wọn, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kó ohun ìjà wọn lọ sílé. Síbẹ̀ ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni òun náà. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, ó tọ àwọn aláṣẹ lọ fún ìwé àṣẹ láti máa gbé ìbọn kiri, wọn kò sì fún un. Ìbọn wà nínú ilé rẹ̀ nígbà náà. Òun àti aya rẹ̀ jókòó, wọ́n rò ó, wọ́n sì mú un kúrò nílé. Ó sọ lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù ba òun ní Montgomery nígbà tí ìbọn wà nílé ju ìgbà tí òun ti kó o dànù lọ.

Èmi kò ní tàn yín jẹ. Ìbọn ni wọ́n fi pa King ní Memphis ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1968. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè wí pé, "Ẹ wò ó, kí ni ó rí jẹ nínú rẹ̀?" Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti yìn ín, ìbọn inú àpò kì bá tí ṣe é ní àǹfààní kan. Ṣùgbọ́n n kò fi ìyẹn gbèjà rẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé fún ọdún 12 láàárín ìgbà méjèèjì, ọwọ́ rẹ̀ wà ní òfìfo, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe lè nà án sí ọ̀tá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé kù. Ní ọdún 2021, ìbọn pa ènìyàn 48,830 ní Amẹ́ríkà. Nínú wọn, 26,328 ni ó fi ọwọ́ ara wọn pa ara wọn, tí iye wọn fi ju ti àwọn tí ẹlòmíràn pa lọ. Ìbànújẹ́ a máa dé bí ìjì, a sì máa kọjá lọ bí ìjì. Ẹni tí ó bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀ ní wákàtí náà a máa dúpẹ́ ní ọ̀la. Ṣùgbọ́n ìbọn kì í dúró de ọ̀la. Ní ìparí ọdún 2014, ní ìpínlẹ̀ kan ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ìyá ọ̀dọ́ kan lọ ra ọjà. Ìbọn kékeré wà nínú báàgì rẹ̀, nínú àpò tí wọ́n dìídì rán mọ́ báàgì náà fún un. Ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì na ọwọ́ sínú báàgì. Ọmọ náà ni ó pa ìyá rẹ̀. Gbogbo ohun tí òfin béèrè ni obìnrin yìí ṣe, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sì jẹ́rìí pé kì í ṣe aláìbìkítà.

Mo kọ èsì sí ọmọ àbúrò mi. N kò sọ fún un pé má rà á, nítorí pé emi kọ́ ni n óò máa ti ṣọ́ọ̀bù náà ní aago mẹ́wàá alẹ́. Mo bi í bóyá owó ni ó ń ṣọ́ tàbí ẹ̀mí. Bí ó bá jẹ́ owó, kí ó fi sílẹ̀ fún wọn. Mo bi í bóyá aya rẹ̀ mọ̀, àti ibi tí ìbọn náà yóò máa wà nígbà tí ó bá bọ́ ṣòkòtò sùn. Mo bi í pé kí ni ó dé tí kò fi lè ti ilẹ̀kùn ní aago méje.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí n tó gbọ́ tirẹ̀. Ó ti rà á. Ó lọ sí ibi ìdánrawò, ó yìn ín sí bébà tí ó jìnnà tó ìṣísẹ̀ méje, ọta méjì nínú mẹ́fà ni ó ba bébà náà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì pọ́n wá sílé. Ó ń fi í sí àpò bí ó ti wù ú. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlógún, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń lọ síbi mọ́tò rẹ̀ nínú òkùnkùn, ó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan tí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní òun kò rántí ìgbà tí ọwọ́ òun wọ àpò. Ìgbà tí òun fi máa yí ojú padà, ìbọn náà ti jáde dé ìdajì. Ọmọkùnrin tí ń bá wọn to ọjà ni, ọmọ ọdún 16, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó na ọwọ́ síwájú, ohun kan sì ń dán nínú ọwọ́ náà. Ó ní: "Ọ̀gá, ẹ gbàgbé kọ́kọ́rọ́ yín."

Ó kọ ọ́ sí mi pé òun gba kọ́kọ́rọ́ náà, òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, òun sì jókòó sínú mọ́tò fún bí ìdajì wákàtí kí òun tó lè wà á. Ọmọ náà kò mọ nǹkan kan títí di òní. Ìbọn wà nínú àpótí irin pẹ̀lú àgádágodo. Kò tíì tà á, aya rẹ̀ sì ni ó mú kọ́kọ́rọ́ àpótí náà dání. Aago méje ni wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù báyìí. Ó ní àwọn oníbàárà alẹ́ ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Gánà tí ó wà ní òdìkejì títì, àti pé owó tí wọ́n ń pàdánù kò kéré.